Èsì: “Ìdínmìnira” ò lè gbé ẹrù Abala 45

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo kí gbogbo ilé o.

Mo ti fẹ́ gbójú kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fún ẹni tí kò bá wa bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àbúrò wa kan ń túmọ̀ ìwé pélébé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Ó dé Abala 45 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, níbi tí wọ́n ti sọ ìgbà tí òfin lè ká ènìyàn lọ́wọ́ kò, ló bá dá ọ̀rọ̀ tuntun: ìdínmìnira, ìyẹn dídín òmìnira kù. Ó ní ó kúrú, ó dùn ún pè, ó sì bá gírámà mu. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ káwọ́ dúró ná.

Mi ò bá gírámà rẹ̀ jà. “Dín” yẹn ni mò ń bá jà. Níbo la ti ń gbọ́ dín? Lọ́jà ni: “Ìyá, ẹ dín in fún mi.” Ẹ̀dínwó. Nínú òǹkà náà: mọ́kàndínlógún. Ohun tí a bá ti dín, ó lọ nìyẹn, ẹni tó dín in ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Bí mo ṣe ń ka ìdínmìnira, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé gómìnà pàtẹ òmìnira wa sọ́jà, tó ń bù ú kúrò díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó bá mọ ọjà á ná sì ń rí ti ẹ̀ gbé lọ sílé. Ẹni tó ní kí a kàn yọ “n” kúrò kó di ìdímìnira, tiẹ̀ tún burú jù. Ihò eku là ń dí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú Abala náà gan-an. Ẹ̀tọ́ márùn-ún ni ìpín rẹ̀ àkọ́kọ́ mẹ́nu bà, láti Abala 37 dé 41: ti ilé àti ìdílé, ti ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, ti ọ̀rọ̀ sísọ, ti ìpéjọ, ti ìrìn. Ó ní òfin lè fọwọ́ kàn wọ́n nítorí ààbò orílẹ̀-èdè, ààbò ará ìlú, àlàáfíà ìlú, ìwà ọmọlúàbí láwùjọ, ìlera gbogbo ènìyàn, tàbí nítorí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ó tún fi kún un pé òfin ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣe é dá láre ní ìlú tó ń ṣe ìjọba àwa-ara-wa. Ìyẹn ni pé ìjọba ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí. “Dín” ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ní ààlà ẹ̀tọ́ ni ká máa pè é. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá t'ọmọ kó má ní ààlà. Ẹni tó bá ti apá ibí ré e kọjá jẹ̀bi, ẹni tó bá ti apá ọ̀hún ré e kọjá jẹ̀bi, ìbáà ṣe bàbá. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston kọ̀wé pé ilẹ̀ nìkan ni ààlà wà fún. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá yín ò bá yín wí rí pé ẹ ti kọjá ààlà ni? Ilẹ̀ wo lẹ tẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ogbufọ̀ ni mí ní kóòtù májísíréètì kí n tó fẹ̀yìn tì (ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ ní ogbifọ̀, kó kọ ọ́, mi ò jà á mọ́). Ìbéèrè tí mo túmọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí wọ́n bá kó wá ni “Òfin wo ni mo rú?” Ìbéèrè yìí kan náà ló fọ́ ìmọ́tótó ọjọ́ Sátidé l'Ékòó. Láti ìgbà ogun-sí-ìwà-ìbàjẹ́ (War Against Indiscipline) tí ìjọba ológun Buhari dá sílẹ̀ ni wọ́n ti ń sé ènìyàn mọ́lé lówùúrọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago méje sí mẹ́wàá. Agbẹjọ́rò Ẹbùn-Olú Adégbòrúwà gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, ó sì borí ní 2015. Ní 2016, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà dá obìnrin kan tí wọ́n mú lójú ọ̀nà láre. Kò sẹ́ni tó ní ìmọ́tótó ò dára. Àṣẹ gómìnà ni wọ́n rí, wọn ò rí òfin tí a kọ sílẹ̀ tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn jáde, bẹ́ẹ̀ Abala 36 sì ti ní a ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ènìyàn láìsí irú rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí ni Èkó pa ìsémọ́lé Sátidé rẹ́.

Àwọn tó ń sọ pé àwọn baba wa ò mọ irú èyí ń bí mi nínú. Wọ́n mọ wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń yẹ ilé wò. Ìyá mi a máa da omi àmù nù lóru nítorí tanwíji, kí wolé-wolé má bàa mú un, kò sì kà á sí pé ẹnikẹ́ni mú òun lẹ́rú. Ó mọ̀ pé ibà ò yọ ilé aládùúgbò sílẹ̀. (Wo ilé ni o, kì í ṣe wọ ilé. Ẹ yé fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn.)

Ṣùgbọ́n kíkọ sílẹ̀ nìkan ò tó. Òfin ológun kẹrin ti 1984 wà lákọsílẹ̀ ketekete. Ó ní oníròyìn tó bá gbé ohun tó lè tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba jáde ti rúfin. Òun ni wọ́n fi sọ oníròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n. Irú èyí gan-an ni “ìdínmìnira”. Ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ fún un.

Bàbá wa láti Ìjẹ̀bú dá ọ̀rọ̀ “ìséde” lábàá dípò ìdínmìnira. Ó wù mí díẹ̀: a máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, ó sì ní ìgbà tí a ń ṣí i. Ti 2020 jọ ọ́, nígbà tí wọ́n fi òfin àrùn àkóràn ti 1926 sé Èkó àti Àbújá láti 30 Oṣù Kẹta, tí Ògùn sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n dá, wọ́n tún sún un síwájú, kó tó di 4 Oṣù Karùn-ún tí wọ́n dẹ̀ ẹ́. Ìlera gbogbo ìlú ni ìdí, mo sì gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹni tó ń jẹ iṣẹ́ òòjọ́ rí màbo. Àmọ́ bàbá, ìséde Orò ńkọ́? Ní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìpókíá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, dá a lẹ́jọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ torí Orò sé ènìyàn mọ́lé lọ́sàn-án. Ó ṣe tán, ẹ̀sìn ẹnìkan kọ́ ni ìlera gbogbo ìlú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dùn yín. Ẹ máa bú mi bọ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé nígbà tí àbúrò wa rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wù ú, ó gbàgbé gbólóhùn “tó ṣe é dá láre” sẹ́yìn pátápátá. Kò sí nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi dá a padà kí ìwé náà tó dọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo ní kí ó kọ ọ́ ní “òfin tó bójú mu”. Aya ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Abẹ́òkúta béèrè lọ́wọ́ mi pé ojú ta ni, ojú gómìnà àbí ojú ayálégbé? Mi ò tíì rí èsì fún wọn.