Ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ní Èkó: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Akọ̀wéÌkẹjà:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo fẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn márùn-ún fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, èyí tí mo lè so táì mọ́ lọ́jọ́ Ajé, tí mo sì lè wọ̀ láìsí táì lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀nà mẹ́ta ni mò ń rò: kí n ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù, kí n lọ ṣa òkìríkà ní Yaba tàbí Kàtángúà, tàbí kí n ra aṣọ ní Balógun kí n gbé e fún télọ̀.

Ohun mẹ́ta ni mò ń sá fún. Àkọ́kọ́ ni ooru, nítorí dáńfó ni mò ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Ìkejì ni kọ́là tó máa ń wú kúlúkúlú lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀. Ìkẹta ni ṣẹ́ẹ̀tì tó bá mi mu lórí ìdúró, àmọ́ tí àárín bọ́tìnnì rẹ̀ á máa yanu bí mo bá jókòó. Ọrùn mi jẹ́ ínṣì 15½, àyà mi ínṣì 40, ikùn mi sì yọ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ wò?

AránṣọMushin:

Ẹ kú ìbéèrè, ọ̀gá mi. Èjìká àti ọrùn la fi ń ra ṣẹ́ẹ̀tì. Ibi yòókù, télọ̀ lè bá yín tún un ṣe: a lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, a lè gé ọwọ́ kúrú, a lè dín ìsàlẹ̀ kù. Èjìká ò rí bẹ́ẹ̀. Ká tó lè dín in kù, a ó tú ọwọ́ méjèèjì, a ó tún ojú ibi tí ọwọ́ ti wọ ara aṣọ gé, owó iṣẹ́ yẹn sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ṣẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Kọ́là tó bá fún yín lọ́rùn kò ṣeé fẹ̀. Ohun tí a lè ṣe kò ju ká sún bọ́tìnnì síta díẹ̀ lọ.

Ojú ìrán tó so ọwọ́ mọ́ èjìká gbọ́dọ̀ bọ́ sórí egungun ìparí èjìká gan-an. Bó bá ṣubú sí apá, ẹ ó dà bí ẹni tó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá sì wọlé sápá ọrùn, ẹ ò ní lè nawọ́ síwájú kí ẹ̀yìn aṣọ má fà. Ti ọrùn, ẹ de bọ́tìnnì òkè pátápátá, kí ẹ ki ìka méjì bọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìka kan ló wọlé, ẹ má rà á, nítorí òwú ṣì máa súnkì.

Ẹ wá gbọ́ ti bọ́tìnnì tó ń yanu. Lára ẹni tó ní ikùn, àyà kọ́ ló sábà ń fà á, ikùn ni. Ẹ jókòó kí ẹ tó wọn ikùn yín, torí pé bí èèyàn bá jókòó, ikùn máa ń fẹ̀ sí i. Ẹ fi ínṣì 4 kún iye tí ẹ bá rí, kí ẹ tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ wọn ìbú rẹ̀ níbi ikùn, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí kò bá tó iye yẹn, yóò yanu dandan. Fún àyà 40, kí aṣọ jẹ́ 45 tàbí 46, ìyẹn 22½ sí 23 láti abíyá dé abíyá lórí títẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní slim fit kì í fi ààyè tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbi ikùn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi dídán rẹ̀ tàn yín. Aṣọ tó ní ìṣẹ́po méjì lẹ́yìn, lábẹ́ èjìká, ló yẹ yín.

Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé egungun ọrùn ọwọ́, níbi tí àtàńpàkò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti gígùn, ẹ ki aṣọ bọ ṣòkòtò kí ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bó bá yọ jáde, ó kúrú.

Kọ́là tó ń wú, iṣẹ́ gum stay ni. Stay ni aṣọ líle tó wà láàárín kọ́là, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bí gọ́ọ̀mù náà kò bá dára, tàbí tí ẹni tó rán an fi áyọ́ọ̀nù kọjá lórí rẹ̀ gẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi gbígbóná yóò mú kí aṣọ òkè súnkì kí stay má súnkì, ibi tó ti ṣí á sì wú. Tó bá ti wú báyìí, kò sí àtúnṣe tó ń pẹ́. Lọ́jà, ẹ fi ìka méjì fún kọ́là pọ̀ kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ méjèèjì ra ara wọn. Bó bá ń dún bíi bébà, paper stay ni, yóò ṣẹ́ láìpẹ́. Bí ẹ bá ń rán, ẹ sọ fún télọ̀ pé stay tí wọ́n hun ni ẹ fẹ́, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi kí ó tó lò ó, kí ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lójú kan, láìfà á.

Aṣọ oníbùú ínṣì 45, yáàdì 3 ni ẹ máa rà. Oníbùú 60, yáàdì 2 tó. Bó bá jẹ́ onílà tàbí oní-ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ fi ìdajì yáàdì kún un, kí ìlà lè bára mu ní àpò àti níwájú. Kí ẹnikẹ́ni tó gé e, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́. Òwú tí wọn ò tíì fọ̀ lè súnkì ní 3 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ọrùn 15½, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ínṣì, òun ló sì ń sọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun di èyí tí kò ṣeé dè mọ́.

OníbéélìKàtángúà:

Ọ̀gá aránṣọ ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kóyán òkìríkà kéré o. Inú béélì kan náà ni ojúlówó aṣọ òwú àti gbàrọgùdù máa ń wà, ojú la fi ń ṣà á.

Ẹ kọ́kọ́ ka lébẹ́ẹ̀lì ọrùn. Bí ẹ bá rí "15½ 34/35", ti Amẹ́ríkà ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ọrùn, èkejì ni ọwọ́, tí wọ́n wọ̀n láti àárín ẹ̀yìn ọrùn gba orí èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ẹni tí kò ga púpọ̀, 32/33 ni yóò bá a mu. Ti Yúróòpù, sẹ̀ǹtímítà ni, 39 ló sún mọ́ ọrùn tiyín. Ẹ má fọkàn sí S, M, L, nítorí M ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ L òmíràn. Ẹ máa mú tépù dání.

Lébẹ́ẹ̀lì kejì wà nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí bóyá "100% cotton" ni tàbí "65% polyester". Bó bá ti já, ẹ ní kí oníṣòwò jẹ́ kí ẹ fa fọ́nrán kan yọ láti inú etí ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó, òórùn bébà jíjó á máa jáde, eérú rẹ̀ á sì kúnná lọ́wọ́. Pọlíẹ́sítà á yọ́, á ká kò, á sì fi kóró dúdú líle sílẹ̀. Bí ẹ bá rí méjèèjì, àdàlù ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ na ṣẹ́ẹ̀tì sójú oòrùn. Ìgbọ̀nwọ́, abíyá àti ibi tí kọ́là ti ṣẹ́po ni ẹ máa wò. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń là kọjá ju ibi yòókù lọ ti ń gbó. Àwọ̀ ìyeyè ní abíyá, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, ó ti wọnú fọ́nrán aṣọ. Bó bá jẹ́ pé kọ́là nìkan ló gbó, tí ara aṣọ ṣì le, ẹ dúnàá-dúrà dáadáa kí ẹ rà á, torí pé télọ̀ lè tú kọ́là náà kí ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Àmọ́ ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò ná: bó bá ní àpò tóóró tí wọ́n ń ki igi kọ́là bọ̀ (igi pẹlẹbẹ kékeré tó ń mú ṣóńṣó kọ́là nà), àpò yẹn yóò hàn síta bí wọ́n bá yí i.

Aswani ní Ìsọlọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń tú béélì, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣà ló ń san owó jù, òun náà ló sì ń mú èyí tó dára jù. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, owó á wálẹ̀, àmọ́ èyí tó dára á ti lọ.

Akọ̀wéÌkẹjà:

Ẹ ṣeun gidigidi. Ó ku irú aṣọ fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ní kí n ra àdàlù nítorí pé iná kì í dúró, pé kì í gba áyọ́ọ̀nù. Ẹlòmíràn ní òwú lásán ni kí n rà. Èyí tí wọ́n kọ "non-iron" sí lára ńkọ́?

Alágbàfọ̀Bódìjà:

Ẹ̀gbọ́n, fún ẹni tó ń wọ dáńfó, òwú ni. Òwú máa ń gba omi tó bí 8 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ nìkan, pọlíẹ́sítà kò gbà tó 1. Òógùn tí aṣọ kò bá gbà, ara yín ló ń dúró sí, òórùn rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ pọlíẹ́sítà débi pé ìfọ̀ kan kì í mú un kúrò. Bí ọ̀rọ̀ iná bá le jù, ẹ lè gba àdàlù, àmọ́ kí òwú inú rẹ̀ má dín sí 60 nínú 100.

Pọ́pílínì fẹ́lẹ́, ó ń dán, ó tutù lára, òun ló sì dára jù fún táì. Àléébù rẹ̀ ni pé ó tètè ń hunjọ, àti pé funfun rẹ̀ máa ń fi abẹ́ hàn. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ àwọ̀ ara yín ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, funfun lábẹ́ funfun máa ń hàn kedere. Oxford nípọn jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe hun ún ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, kì í tètè hunjọ, ó sì máa ń pẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í tètè gbẹ nígbà òjò. Twill, tí ẹ ó rí ìlà dídagun tín-ín-rín lára rẹ̀, rọ̀, ó sì ń balẹ̀ dáadáa lára, àmọ́ ó móoru díẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tutù ju gbogbo wọn lọ, kì í ṣe ti ọjọ́ táì.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé òwú "100" tàbí "120" ni. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí fọ́nrán ṣe tín-ín-rín tó. Láàárín 80 sí 100, tí wọ́n lọ́ fọ́nrán méjì pọ̀, tó fún ọ́fíìsì. Èyí tó bá ga ju 120 lọ máa ń dán púpọ̀, kì í sì fara da ìfọ̀ ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀.

Ní ti "non-iron": òwú ni wọ́n fi kẹ́míkà so fọ́nrán rẹ̀ mọ́ra kí ó má lè hunjọ. Òótọ́ ni pé kì í hunjọ. Àmọ́ kẹ́míkà náà ń gba agbára lọ́wọ́ òwú, etí kọ́là àti etí ọwọ́ á tètè gbó, ooru rẹ̀ sì ju ti òwú lásán lọ. Ẹ má da hypo sí i láéláé, ó lè sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè.

Àwọ̀ ìyeyè abíyá, òógùn àti èròjà aluminiomu inú ìpara abíyá ló ń dà pọ̀ di bẹ́ẹ̀. Hypo kì í mú un kúrò, ó tún ń mú un pọn sí i. Ẹ po ṣíbí ìmùkọ 2 baking soda mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, ẹ fi pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ rọra fi ọwọ́ ra á, ẹ ṣàn án. Kí áyọ́ọ̀nù má kàn án bí kò bá tíì kúrò, nítorí iná ni yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ.

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ tú gbogbo bọ́tìnnì, pàápàá ti ṣóńṣó kọ́là. Bí wọ́n bá dè é fọ̀, ihò bọ́tìnnì á ya. Ẹ yọ igi kọ́là. Omi tí ọwọ́ lè fara dà ti tó. Ẹ ká a kúrò lórí okùn nígbà tó ṣì rin díẹ̀, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń dín àkókò áyọ́ọ̀nù kù gan-an. Kọ́là ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀, láti ṣóńṣó wá sí àárín. Bí ẹ bá ti àárín lọ sí ṣóńṣó, ìhunjọ á kó síbi tí gbogbo ènìyàn ń wò. Lẹ́yìn náà ni etí ọwọ́, ọwọ́, èjìká, kí ẹ fi ara aṣọ parí rẹ̀. Sítáàsì díẹ̀ kò burú fún kọ́là. Bó bá pọ̀ jù, ibi ìṣẹ́po á máa ṣẹ́.

AránṣọMushin:

Alágbàfọ̀, ẹ ṣeun, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá mi, ohun kan ló kù: kọ́là tó ní bọ́tìnnì ní ṣóńṣó, ọjọ́ Ẹtì ni ẹ fi í sí, nítorí ó máa ń dúró ṣinṣin láìsí táì. Ti táì, kọ́là lásán tó ń gba igi, tí ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2¾ sí 3.

Ẹ ṣírò owó lórí wíwọ̀. Ká ní ọ̀kan jẹ́ ₦9,000, kọ́là rẹ̀ wú lẹ́yìn ìfọ̀ 15: ₦600 ni wíwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní èkejì jẹ́ ₦24,000, tó sì dé ìfọ̀ 80: ₦300 ni.

Pọ́pílínì funfun méjì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan, Oxford méjì, ìyẹn ni màá mú bó bá jẹ́ èmi. Bí èjìká tiyín kò bá ṣòro, ẹ lè ṣa Oxford ní òkìríkà, torí pé aṣọ tó nípọn máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú agbára. Pọ́pílínì ni kí ẹ rán, nítorí ikùn. Ẹ ra aṣọ funfun méjèèjì lára ìdì kan náà kí àwọ̀ má yàtọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán ẹyọ kan ná. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jókòó nínú rẹ̀, ẹ de bọ́tìnnì òkè, kí ẹ wá sọ ibi tí yóò fẹ̀ fún un kí ó tó gé èkejì. Ẹ sì ní kí ó tọ́jú bébà tó fi gé e, kí orúkọ yín wà lára rẹ̀.