Ọtí ápù tí mo ń ṣe nílé dákẹ́, ó sì ń rùn bí ẹyin. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ọmọ Ìjàpọ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Sáídà ni mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Júùsì páálí ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, ọjọ́ márùn-ún, kò hó rárá. Èkejì hó dáadáa, èmi náà bá dé e pa sínú ìgò. Aago méjì òru ló bú gbàù ní kíṣìnì! Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wá kí wa láti Ọ̀wọ̀ ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní adigunjalè ti wọlé. Mo ṣì ń rí àfọ́kù ìgò lẹ́yìn fíríìjì dòní.

Lọ́tẹ̀ yìí, ápù kéékèèké 40 ni mo rà lọ́wọ́ oníbárò l'Ọ́jà Ọba. Mo rin ín, mo fi aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì fún un. Lítà méjì àbọ̀ péré! Mo da yíìsì búrẹ́dì sí i, mo fi bàlúùnù tí mo fi abẹ́rẹ́ gún bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ kẹrin, bàlúùnù rọ̀ jọwọrọ. Òórùn ẹyin ló wá kù.

Ìyá Oníbúrẹ́dì
Ọmọ mi, ẹ̀yìn páálí lo ò kà. Tó o bá rí sodium benzoate tàbí potassium sorbate níbẹ̀, wọ́n fi sí i kó má baà kan ni. Kí ni yíìsì fẹ́ ṣe síbẹ̀? Ìdajì ṣíbí tíì tó fún kẹ́ẹ̀gì rẹ. Kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣúgà díẹ̀; tí kò bá rú láàárín ìṣẹ́jú 15, ó ti kú nìyẹn.

Adẹ́mu Ìdànrè
Dé e pa kẹ̀! Àwa kì í dí ẹnu akèrègbè pa. Orí ọ̀pẹ lẹmu ti ń hó bọ̀, èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde.

Bàbá Somerset
Àbúrò, má dà á nù. Mo gbé Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 12, ilé sáídà gan-an nìyẹn. Tí ooru bá mú yíìsì, tàbí tí oúnjẹ ò tó o, ó máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bàlúùnù tó rọ̀ kò sì ní kó ti parí, ó lè máa jò. Tọ́ ọ wò: tó bá ṣì ń dùn, iṣẹ́ ṣì kù. Gbé kẹ́ẹ̀gì sínú bàsíà omi, fi aṣọ tútù wé e. Ooru Àkúrẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fi rọ́bà fà á, fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Rọ ọ́ kún dé ọrùn, torí afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di ọtí kíkan. Ike mínírà ni kó o lò, kì í ṣe ìgò: tó o bá tẹ̀ ẹ́ tó le gbagidi, fíríìjì yá. Tí iná bá wà, ṣá.

Ṣadé Oǹdó
Ẹ̀yin èèyàn, ẹ rántí àwọn tí ọtí pa ní Òde-Ìrèlè lọ́dún 2015 o.

Bàbá Somerset
Ògógóró tí methanol, ọtí olóró, wà nínú ẹ̀ nìyẹn, Ṣadé. Èyí ò sí lórí iná. Kó má ṣáà gbìyànjú láti sè é.

Ọmọ Ìjàpọ̀
Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo tọ́ ọ wò, ó ṣì ń dùn. Ó ti wà nínú bàsíà báyìí, nínú yàrá àlejò. Màmá Ọ̀wọ̀ ní àwọn ò ní sùn níbẹ̀ mọ́.