Níbo ni mo ti lè rí irin tó ń gba iná fún ọkọ̀ ojú irin ìṣeré bàbá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Hornby Dublo onírin mẹ́ta (ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rìn lórí irin mẹ́ta, tí iná ń gba ti àárín wọlé), èyí pupa tí wọ́n ń pè ní "Duchess of Atholl", ni bàbá mi rà nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Liverpool. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Ibi tí a ti ń kó lọ sí ilé míì ni irin pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀, tó máa ń ha irin àárín láti gba iná, ti já sọnù. Èyí tí ẹnìkan tà fún mi kò bá a mu: ti onírin méjì ni, irú tó jáde ní 1959, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń fara kàn.

Ṣé kí n ra ògbólógbòó míì kí n yọ tirẹ̀, àbí ẹ mọ ẹni tó ń rọ ọ́ ní tuntun? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ bó.