Olú pupa inú igbó: kí ló dé tí àwọ̀ rẹ̀ kì í jáde dáadáa nínú fọ́tò?

Oníléǹsì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Olú pupa àti aláwọ̀ ọsàn tó ń hù lára kùkùté ni mo fẹ́ máa yà níbi tí wọ́n wà gan-an, láì fà wọ́n tu. Lẹ́ńsì macro 100mm (tí a fi ń ya ohun kékeré láti itòsí) ni, f/4 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ṣe kéré tó), ISO 1600 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó), ọwọ́ ni mo fi ń di kámẹ́rà mú. Pupa rẹ̀ á kàn di àbàwọ́n kan gbẹ̀ẹ̀, gbogbo àwòrán á rí bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ewé, bí etí iwájú olú bá sì mọ́ kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á rí bàìbàì. Kí ni kí n yí padà?

Ìyá Olú: Ẹ gbé kámẹ́rà kúrò lọ́wọ́ ná. Olú kì í sá lọ, kí lẹ fẹ́ fi ISO 1600 ṣe? Ẹ wá tripod (ìdúró kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta) tó lè tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, tàbí kí ẹ rọ ẹ̀wà gbígbẹ sínú àpò kékeré, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà lé e, kí lẹ́ńsì bá orí olú dọ́gba tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá dúró yà á látòkè, ìdérí ìkòkò ló yà. ISO 100, f/8 sí f/11. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 1 tàbí 2 kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé tó, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ pa ohun tí ń dènà gbígbọ̀n lára lẹ́ńsì, kí ẹ sì lo táímà 2 sẹ́kọ́ǹdù kí ìka yín má baà mì ín. Ẹ má ré kọjá lọ sí f/22: ihò yẹn kéré débi pé ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká, gbogbo àwòrán á sì dẹ̀.

Ní ti pupa, àwọ̀ yẹn ló máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ wo histogram (àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn lójú kámẹ́rà) ti pupa lọ́tọ̀, nítorí èyí tó pa gbogbo àwọ̀ pọ̀ lè sọ pé kò séwu. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù pẹ̀lú −2/3 tàbí −1 níbi ìtúnṣe ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà, kí ẹ sì máa yà ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀ tàbí tún ṣe). Ewé tó wà lókè ló ń pa ìmọ́lẹ̀ láró. Ẹ gbé káàdì aláwọ̀ eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ olú, ẹ yà á, kí ẹ fi ṣètò white balance (ètò tó ń mú kí àwọ̀ jáde bó ṣe rí gan-an).

Abẹ́Ewé: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má gbàgbé dídán. Bí orí olú bá tutù, ojú ọ̀run ló ń tàn lórí rẹ̀, òun ló ń bo pupa mọ́lẹ̀. Ẹ fi polarizer (gíláàsì tó ń dín dídán kù) sórí lẹ́ńsì, kí ẹ yí i títí dídán yẹn á fi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ olú á rí bíi rọ́bà. Abẹ́ orí rẹ̀ tó ṣókùnkùn? Ẹ lẹ fóìlì tí ẹ ti rún pọ̀ mọ́ páálí tó tó ìwé kan, ẹ tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ níbi tí kò ní hàn. Bó bá tàn jù, bébà funfun tó. Bí oòrùn bá ń jó ibì kan, agbòòrùn funfun ni kí ẹ ṣí sókè rẹ̀.

Oníléǹsì: Ẹ ṣé gan-an. Ká wá ní f/11 náà kò mú gbogbo rẹ̀ mọ́ ńkọ́?

Ìyá Olú: Ẹ ya bíi 12, kí ẹ máa sún ibi tó mọ́ kedere díẹ̀díẹ̀ láti etí tó sún mọ́ yín jù títí kọjá ẹ̀yìn, ní f/5.6 tàbí f/8, kí ẹ sì pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ti ìmọ́lẹ̀ àti white balance pa kó má yí padà láàárín wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, tàbí tí kòkòrò bá rìn kọjá, etí olú á di méjì. Ẹ tún un yà.

Ṣéṣé: Ẹ fi ẹ̀mú yọ igi gbígbẹ tó funfun lẹ́yìn olú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ojú á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ má nu tóótòòtó funfun orí Amanita muscaria (olú pupa tó ní tóótòòtó funfun lórí) o! Kì í ṣe ìdọ̀tí, ìyókù awọ tó wé e nígbà tó kéré ni. Òjò fúnra rẹ̀ máa ń ṣàn án lọ. Ẹ sì ti dígí kékeré sí abẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ ya ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ ibẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ dá olú mọ̀ kò lè fi àwọ̀ òkè nìkan ṣe é. Bí irú olú kan tí wọ́n ń pè ní Coprinus comatus bá wà nítòsí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, torí láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè yọ́ di omi dúdú bíi yíǹkì.