Bọ́tìnnì pupa ò dáhùn: báwo ni mo ṣe lè dán ètò tẹlifíṣàn mi wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òṣogbo. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni ètò àlọ́ àpamọ̀ orí tẹlifíṣàn: bí olóòtú bá pa àlọ́, ẹni tó ń wò ó nílé á fi rìmóòtù dáhùn.

HbbTV, ìlànà tó ń da ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tẹlifíṣàn pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo gbé e lé. Àdírẹ́sì ojú ewé máa ń bá àmì ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọlé. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì pupa, tẹlifíṣàn á fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé e wá. HTML àti JavaScript ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìyẹn ò sì le fún mi. Lórí laptop, lẹ́tà R ni mo fi rọ́pò bọ́tìnnì pupa, ó ń lọ geere.

Àfìgbà tí mo ṣí i lórí smart TV ẹ̀gbọ́n mi. "Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" hàn gbàgàdà, ṣùgbọ́n mo tẹ pupa títí àtàǹpàkò fi ń dùn mí, kò mira. Mo fi kóòdù 403, nọ́ńbà tó dúró fún bọ́tìnnì pupa, sí i, pàbó. Òṣogbo ti bọ́ sórí tẹlifíṣàn dígítà láti 2018 lóòótọ́, àmọ́ àpótí tó ń gba àmì tẹlifíṣàn nílé wa kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì. Oníṣẹ́ kan ní Alékùwódò ní kí n ra Android box. Owó ẹ̀ dà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, sọ́fítíwíà wo ni mo lè fi sórí laptop tí yóò ṣe bíi tẹlifíṣàn HbbTV gan-an, kí n lè tẹ bọ́tìnnì pupa níṣojú olùkọ́ mi láìsí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kankan ńbẹ̀?