Kíláàsì aago méje àti egungun tí kò gba òtútù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan nílùú Ọ̀yọ́, fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, ni wọ́n bí mọ́ mi. Ó di ọdún 9 tí mo ti ń kọ́ni. Ní sáà yìí, aago méje àárọ̀ ni wọ́n fi kíláàsì mi sí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọyẹ́ ti dé, òtútù àti òùngbẹ ló sì máa ń jí ìrora wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo di irin àtẹ̀gùn mú títí ọwọ́ mi fi kú; akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gba báàgì mi. Mo sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka wa, wọ́n ní gbogbo èèyàn ni ara ń ro. Iṣẹ́ yìí wù mí. Kí ni kí n ṣe tí wọn ò fi ní pè mí ní ọ̀lẹ?

Màmá Ìbejì, Awẹ́: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Àtọ̀gbẹ ló ń bá èmi fínra. Ọdún méjì ni mo fi ń fẹnu sọ ọ́, pàbó ló já sí. Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n dá mi lóhùn. Má kọ pé ara rẹ ò yá, kọ ohun tí o ń fẹ́: kíláàsì láti aago mẹ́wàá, yàrá ìsàlẹ̀, máíkì, àyè láti mumi. Kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ kọ tiẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Òótọ́ ni Màmá sọ. Àmọ́ má fi mọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka, gbé e dé ọ́fíìsì Rẹ́jísítírà, kí wọ́n lu èǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń jíròrò ìgbéga rí. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, a kì í rí i. Ẹni tó sùn sílé ìwòsàn fóṣù méjì, ìwádìí tí kò jáde nìkan la ń kà sí i lọ́rùn. Ó ń dùn mí títí dòní.

Lọ́yà: Òfin wà lẹ́yìn yín, ẹ̀gbọ́n: òfin ọdún 2018 tó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2019. Kò dárúkọ àìsàn yín, àmọ́ ó ka ìpèníjà ara ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dínà iṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ tọ́ka sí i nínú lẹ́tà, láì fi halẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Orúkọ aláàbọ̀ ara yẹn ló ti ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ yìí, mi ò ní purọ́. Akẹẹgbẹ́ mi kan ti gbà láti ṣe pààrọ̀ kíláàsì Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú mi. Mo ń lọ rí dókítà lọ́la, lẹ́tà á sì wọlé lọ́jọ́ Ajé.