Mọ́tò remote tó ń fi iwájú fà: ìdí tí tèmi fi ń ju ìdí síta, àti bí mo ṣe rí ojútùú ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ìrírí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé ẹni mẹ́ta mẹ́rin ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, pé mọ́tò remote tó ń fi táyà iwájú fà kì í gbọ́ràn nínú kọ̀nà, pé kéèyàn kúkú ra fóò-wíìlì, èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, kó sinmi. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún odindi oṣù mẹ́jọ kí n tó mọ̀ pé ìka tí mo fi ń tẹ tíróótù, ìyẹn ohun tá a fi ń mú un sáré, àti táyà ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe iwájú tí gbogbo wa ń nawó lé lórí.

Èbúté Mẹ́ta ni mò ń gbé báyìí, àmọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó lápá Campos ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àdúgbò yẹn á rántí mọ́tò agolo sádíìnì, tá a máa ń gé sálúbàtà tó ti gbó ṣe táyà ẹ̀, tá a máa so okùn mọ́ imú ẹ̀ tá a sì máa wọ́ ọ lọ sí gbogbo ojúlé. Ẹ fi mọ́tò agolo yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Èyí tí mo rà ni Tamiya M-05, tókúnbọ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan tá a jọ pàdé ní Ìkẹjà. Bódì Mini Cooper ló wà lórí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé motor ẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì oníná ẹ̀, wà níwájú, gíà ló ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú, kò sí bẹ́líìtì kankan níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo délé, mo tú u, iyanrìn ló kún inú ẹ̀. Búùṣì oníike, ìyẹn òrùka tí ọ̀pá táyà ń yí nínú ẹ̀, tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ṣì ni wọ́n ń lò, ihò wọn ti fẹ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá di táyà mú tẹ́ ẹ mì í, á máa ṣe gbọn-gbọn-gbọn bí eyín tó fẹ́ yọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn, mo ra bíárìn 1150, ìyẹn èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 11 tí ihò àárín ẹ̀ jẹ́ 5, mo pààrọ̀ gbogbo búùṣì yẹn pátá. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, bíárìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó rà, kì í ṣe motor. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣọ́ọ̀kì tó wà lára ẹ̀ kò ní ọ́ìlì nínú, ike tó ń ha ara wọn lásán ni, mo yọ ọ́, mo fi èyí tó ní ọ́ìlì sí i.

Ibi tá a ti ń sáré ni páàkì ilé ìnáwó kan ní Súrùlérè, kò jìnnà sí Adéníran Ògúnsànyà. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ máa ń gbà wá láyè láàárọ̀ Sátidé kí àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tó dé. Ìńtálọ́ọ̀kì ni ilẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sáré lórí ìńtálọ́ọ̀kì rí mọ bó ṣe rí, bulọ́ọ̀kù kan ga díẹ̀, èkejì rì, iyanrìn sì wà láàárín wọn. Bá a bá gbálẹ̀ títí a ò lè gbá a tán, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ tíróótù, mọ́tò yẹn ta kìjí, mo ní ayé. Ó dé kọ̀nà, mo yí i, kò yí o, ó kàn ń lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n ń pè tí kò gbọ́. Mo ní háà. Ìpadà kejì, mo rántí pé mo ti yára jù, mo dé àárín kọ̀nà mo fi tíróótù sílẹ̀ lójijì, ìdí ẹ̀ kàn gbà síta ni, vrumm, ó yí po, ó kọjú síbi tó ti ń bọ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti aago mẹ́jọ títí bátìrì fi kú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kò ní yí. Tí mo bá fi sílẹ̀, á yí jù. Àwọn tó ń fi fóò-wíìlì sáré kàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Mo rò ó pé iwájú ni kò di ilẹ̀ mú, mo ra táyà rírọ̀ sí iwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní S-Grip, mo fi táyà líle tó ti ń dán sílẹ̀ lẹ́yìn torí mo ní ẹ̀yìn ò ṣiṣẹ́ kankan, ṣebí ó kàn ń tẹ̀ lé e lásán ni. Ẹ gbà mí o, ńṣe ló burú sí i! Iwájú wá di ilẹ̀ mú lóòótọ́, àmọ́ ìdí ẹ̀ wá dà bí ẹni tó ń rìn lórí ọṣẹ. Sátidé kejì tàbí ìkẹta ló yí lọ kọlu etí gọ́tà, apá tó di táyà iwájú òsì mú ya sí méjì. Kò sí ẹni tó ń ta irú ẹ̀ ní gbogbo Èkó tí mo mọ̀, mo sì ní láti dúró de ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń bọ̀ láti London. Kó tó dé, mo fi superglue lẹ̀ ẹ́, mo bu baking soda díẹ̀ lé e lórí, ẹ rí i, á gan lójú ẹsẹ̀ bí òkúta. Ó gbé mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ diff náà tún wà níbẹ̀. Diff ni gíà tó máa ń jẹ́ kí táyà òsì àti ọ̀tún yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra nínú kọ̀nà. Èyí tó wà nínú M-05 bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá tú sílẹ̀ pátápátá, tí mọ́tò bá sì ti wọ kọ̀nà, táyà iwájú tó wà lápá inú á fúyẹ́, gbogbo agbára á sì gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ, á kàn máa yí lórí òfo. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tú u, mo fi gírísì Anti-Wear ti Tamiya kún inú ẹ̀, gírísì yẹn fà bí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò tíì dì, tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ ya wọ́n, á máa fà tẹ̀ lé yín. Ìyẹn ṣiṣẹ́ gan-an ni. Tí mo bá ti ń jáde nínú kọ̀nà tí mo tẹ tíróótù, táyà méjèèjì ló ń fà báyìí. Àmọ́ kò wo yíyípo yẹn sàn.

Ẹni tó là mí lójú kò tiẹ̀ ní mọ́tò remote. Mẹkáníìkì mi ni, lẹ́bàá Ladípọ̀ ní Mushin, ọwọ́ wọn ni Corolla mi wà. Mo gbé M-05 dání lọ lọ́jọ́ yẹn torí mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wo skrú kan tó ti jẹ. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n yí i wò nísàlẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, front-wheel leléyìí náà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá mi, ó sì ń dà mí láàmú. Mo ṣàlàyé. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ń fi iná, ìyẹn tíróótù, sílẹ̀, kó tó wọ kọ̀nà ni àbí tó bá ti wọ̀ ọ́ tán. Mo ní tó bá ti wọ̀ ọ́ tán ni, kó lè rọra. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí.

Wọ́n ní, "Ẹnì kan gbé Golf wá síbí lọ́jọ́sí, gbogbo ìdí ẹ̀ ti run. Táyà tuntun méjì ló rà, iwájú ló fi wọ́n sí, ó fi èyí tó ti pá sílẹ̀ lẹ́yìn. Òjò ń rọ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì, ó rí gosíló níwájú nínú kọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ débi gosíló."

Ẹ̀rù bà mí torí ohun tí mo ṣe sí táyà tèmi gan-an nìyẹn.

Wọ́n wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Nínú front-wheel, iwájú ló ń fà, iwájú ló ń yí, iwájú náà ló ru ẹrù jù. Tẹ́ ẹ bá fi iná sílẹ̀, gbogbo ìwúwo á dà síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ti mọ́tò remote tiẹ̀ tún le ju ti Golf lọ, torí Golf ní bíréèkì ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmọ́ M-05 kò ní bíréèkì mìíràn ju motor lọ, iwájú nìkan ni motor sì so mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, tàbí tẹ́ ẹ kàn fi tíróótù sílẹ̀, iwájú nìkan lẹ dì mú, ẹ̀yìn ṣì ń sáré bọ̀. Ibo ló máa gbà? Ẹ̀gbẹ́ ni.

Inú dánfó tí mo wọ̀ padà sílé ni mo ti rántí mọ́tò agolo. Tẹ́ ẹ bá ń fa okùn ẹ̀, tí okùn yẹn le, kò sí kọ̀nà tó máa mú un ju ìdí, á máa tẹ̀ lé yín ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró lójijì tí okùn rọ̀ ló máa ń gbá yín ní ọrùn ẹsẹ̀ tàbí kó dojú dé. Mo ti mọ èyí láti ọmọ ọdún méje.

Mo padà sílé mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe lódìkejì. S-Grip yẹn lọ sẹ́yìn, táyà tó le díẹ̀ wá síwájú. Súpríìn tó rọ̀ lọ sẹ́yìn, èyí tó le wá síwájú, kí ìwúwo má baà máa dà síwájú kíákíá. Mo lọ sínú ESC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí agbára motor, mo pa drag brake, ìyẹn bíréèkì tó máa ń mú fúnra ẹ̀ téèyàn bá fi tíróótù sílẹ̀, mo sọ ọ́ di òdo. Lórí remote, mo dín bíréèkì kù láti 100 sí nǹkan bí 30. Mo gbé e sókè díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ má máa ha ìńtálọ́ọ̀kì, mílímítà 7 tàbí 8, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré lórí kọ̀ǹkéré tó dán lè lọ sí 5. Mi ò fọwọ́ kan motor, 540 tó bá a wá ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ọwọ́ mi ló wá gba iṣẹ́ jù. Mo ní láti kọ́ bí mo ṣe máa dín iná kù nígbà tí mọ́tò ṣì wà lójú ọ̀nà tààrà, kó tó yí rárá, tó bá wá ti ń yí mo máa tẹ iná díẹ̀ fún un, bíi ìdá kan nínú márùn-ún báyìí, kí okùn yẹn má rọ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìka yín á máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi tíróótù sílẹ̀. Ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Àwọn tó ń sáré TCR, eré ìje ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 yẹn, tó jẹ́ mọ́tò front-wheel nìkan bíi Civic Type R àti Hyundai i30 N, ẹ wo fídíò inú ọkọ̀ wọn, púpọ̀ nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì kí ẹsẹ̀ ọ̀tún lè wà lórí iná. Ẹni tó bá sì ní front-wheel kì í yí kọ̀nà, kó lọ bi Mini gidi tó jáde ní 1959, òun ló gba eré ìje ọkọ̀ Monte Carlo Rally ní 1964, 1965 àti 1967.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, bátìrì kan odindi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yí po. Mo fi fóònù ka àkókò, ìyípo kan tó máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú àáyá 19 bọ́ sí 16 àti díẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ rárá, iwájú òsì ló ń jẹ torí ọwọ́ ọ̀tún la máa ń yí sí ní páàkì yẹn, mo wá ń pààrọ̀ òsì sí ọ̀tún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kun bódì, ọ̀dà lexan, èyí tí wọ́n ṣe fún ike bódì, ni kẹ́ ẹ lò, inú lẹ sì máa kùn ún sí. Mo fi ọ̀dà ọkọ̀ gidi kun tèmi, ó ṣí bí èèpo àlùbọ́sà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kọlu nǹkan.

Oṣù tó kọjá mo mú bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì wá sí páàkì. Wọn ò di remote mú rí láyé wọn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n dúró ní ẹsẹ̀ lásán lórí ìńtálọ́ọ̀kì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rọra yí i kiri láti mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ iná. Kọ̀nà àkọ́kọ́, mo rí ìka wọn lórí tíróótù, kò kúrò, ó kàn ń mí sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Ìyípo mẹ́fà, ìdí ẹ̀ ò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnì kan lára wa tó ń fi fóò-wíìlì olówó ńlá sáré pa tiẹ̀, ó wá dúró ń wò. Nígbà tí wọ́n gbé remote fún mi padà, wọ́n ní táyà iwájú ọ̀tún ń mì díẹ̀, kí n lọ wo bíárìn ẹ̀. Mo tú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iyanrìn ti wọnú ẹ̀ lóòótọ́.